Epo Tí Mo Fi Ra Aṣọ Bàbá Mi

Òórùn káfúrà ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ti rántí abà náà. Káfúrà, ẹja gbígbẹ, kẹrosíìnì àti aṣọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú ìdì rẹ̀, gbogbo wọn ló pàdé nínú ìsọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìsọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ohun gbogbo tí ènìyàn lè wá, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀yìn Ìlawẹ̀ ni abà náà wà, nísàlẹ̀ àpáta ńlá kan, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà erùpẹ̀ ń ti inú kòtò kan bọ́ sínú kòtò mìíràn. Bí o bá wò ó lójú máàpù, kò jìnnà sí Adó rárá. Ṣùgbọ́n máàpù kì í wa ọkọ̀.

Bàbá mi ló ń gbé ibẹ̀. Ìwó ni wọ́n bí i sí. Kòkó ló gbé e wá sí Èkìtì nígbà tó wà ní géńdé, kò sì padà mọ́. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyá mi, ibẹ̀ ló sin ín sí, láti ibẹ̀ náà ló ti rán mi wá kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Adó. Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ìlá ní Adó níbẹ̀, mo ti ń rán agbádá fún àwọn ọ̀gá tó wà láwọn ọ́fíìsì àdúgbò Adébáyọ̀, iṣẹ́ sì máa ń kún ọwọ́ mi débi pé bí mo bá lọ kí bàbá mi, mi kì í jókòó pẹ́. Àìmọye ìgbà ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ Adó kò ní jẹ́ kí òun mọ rákà tí òun kí dé. Bàbá mi lẹ́nu ọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mò ń gé aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́ ni lémọ́mù abà pè mí. Mo mọ̀ pé orí àpáta ló ti ń pè, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn, afẹ́fẹ́ sì ń gbá ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ara bàbá rẹ ò yá. Máa bọ̀ báyìí." Ìwọ náà ṣáà mọ àwọn àgbà wa, wọn kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí fóònù. Inú mi lọ́hùn-ún ti mọ̀, ṣùgbọ́n mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ bí ẹni pé mo fẹ́ lọ jẹun ni. Mo ya ilé epo kan ní Fájuyì, mo ní kí wọ́n rọ epo sí ọkọ̀ mi, mo fi fóònù san owó rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn ènìyàn tò síwájú obìnrin kan tó ń ṣe POS, wọ́n ń wá owó bébà tó ṣọ̀wọ́n bí ojú lásìkò náà. Mo wò wọ́n, mo wa ọkọ̀ mi kọjá. Kí ni mo fẹ́ fi owó bébà ṣe? Orí fóònù ni gbogbo oníbàárà mi ń sanwó sí. Èmi náà ń fi fóònù ra òwú, mò ń fi san owó iná, mo tilẹ̀ ń fi ra ata. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ibi tí mò ń lọ kò mọ irú owó bẹ́ẹ̀. A sì bí mi níbẹ̀ o. Adó máa ń múni gbàgbé bí wọ́n ṣe ń náwó nílé ẹni.

Mo bá àwọn ọkùnrin lórí ẹní níwájú ilé wa. Ìgbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè kí mi, ó ti yé mi. Lémọ́mù, àgbàlagbà tí òun àti bàbá mi jọ ti Ìwó wá nígbà èwe wọn, di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìnná lílláhì. Bàbá ti lọ. Wọ́n kírun Àsùbáà tán, wọ́n ní kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó parí."

Mo ní, "Ó dáa."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó dáa, bí ẹni pé wọ́n sọ fún mi pé iná ti lọ. Mo wọlé, mo ṣí aṣọ lójú rẹ̀, mo wò ó. Mò ń retí kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀, kí n ké, kí nǹkan kan ṣáà ṣe mí. Kò sí nǹkan kan. Ojú mi lọ sí etí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, mo rí i pé ẹni tó ṣẹ́ etí aṣọ náà kò mọ̀ ọ́n ṣẹ́. Mo bò ó padà. O mọ bí apá ṣe máa ń kú bí ènìyàn bá sùn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo inú mi rí. Àwọn tó wà níta rò pé mo fara dà á ni. Wọ́n ń sọ ọ́ láàrin ara wọn pé ọkùnrin ni mí.

Lémọ́mù ní àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbẹ́ sàréè, wọ́n sì ti gbé omi ìwẹ̀ kaná. Bí a bá ti kírun Alásàrí tán, a ó sin bàbá kí oòrùn tó wọ̀. "Gbogbo ẹ̀ ti wà létò," ó ní. "Ó ku aṣọ." Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ rán mi létí ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré, pé ní abà wa, ọmọ ló máa ń fi owó ọwọ́ ara rẹ̀ ra aṣọ funfun tí wọ́n á fi di bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò bá bímọ ni ìjọ máa ń dáwó rà á fún.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwọn tó sọ ọ́ kò ṣàwàdà. Bàbá mi ti fi mí yangàn káàkiri abà yẹn. Kò sí ẹni tí kò tíì sọ fún pé ọmọ òun ló ń ránṣọ fún àwọn ènìyàn ńlá Adó. Mi ò lè sunkún, mi ò rántí àdúà kankan, ṣùgbọ́n ohun kan yìí dúró gbọin lọ́kàn mi: bàbá mi kò ní wọ aṣọ tí ìjọ dáwó rà, bí ẹni tí kò bímọ. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú mi lọ́jọ́ náà, orí aṣọ yẹn ló wà.

Ìyá onísọ̀ ti mọ ohun tí mo wá rà. Ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni. Ó ní, "Ọma mi, kú ara fẹ́ra kù o." Ó gbé ìdì aṣọ funfun kalẹ̀, ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, ó kó káfúrà àti ọṣẹ lé e, ó sọ iye rẹ̀ fún mi. Mo mú fóònù jáde, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín."

Ó ní àkáǹtì, ó tilẹ̀ mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ lé aṣọ náà, ó béèrè pé, "Ìgbà wo ni n ó rí owó náà?"

Mo ní kíákíá ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ní ulé yìí. Ọjọ́ ọjà Ìlawẹ̀ ni fóònù tèmi máa ń gbọ́ àlẹ́ẹ̀tì. Owó tí mi ò tíì rí, àwìn ni, ọma mi. A kì í sì í ta aṣọ òkú láwìn. Ìyá mi ò ṣe é rí, èmi náà ò ṣe é rí. Bí mo bá gbé e fún ọ báyìí, bàbá ẹ á wọ gbèsè lọ sọ́run."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó tilẹ̀ ní bó bá jẹ́ ṣúgà tàbí ìrẹsì ni mo fẹ́, kí n gbé e, kí n sì san án nígbà tó bá wù mí. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní kó fi dógò. Ó ní ìdógò náà, àwìn ni, àti pé ta ni òun fẹ́ ta aago fún ní abà nígbà tí oòrùn wà lókè tí gbogbo wọn ń rí i. Ó bá sọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ fún mi, ó gbé fóònù tirẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àpáta ló kù. Bí tèmi bá ti dún níbẹ̀, aṣọ di tìẹ."

Mo gun àpáta náà. Bàtà Adó ni mo wọ̀, ó ń yọ̀ mí, mo bọ́ ọ sọ́wọ́. Òkúta sì ti gbóná. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn ará abà ti to òkúta wẹ́wẹ́ yí ojú ibi tí fóònù ti ń gbọ́ ohùn ká, kí ènìyàn má baà máa wá a kiri. Mo dúró sáàárín rẹ̀, fóònù kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkejì lọ́wọ́ òsì. Mo fi owó ránṣẹ́. Nǹkan náà ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tó yá, fóònù mi dún, ó ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Fóònù ìyá kò sọ nǹkan kan. Mo dúró títí, atẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó, kò sọ nǹkan kan. Owó yẹn ti kúrò níbì kan, kò sì tíì dé ibì kan. Mo ronú kan bàbá mi tó wà lábẹ́ aṣọ nísàlẹ̀, mo rí i pé bákan náà ni òun náà ṣe wà. Kò tilẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Mo kàn rí i bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ̀ kalẹ̀.

Lémọ́mù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, jẹ́ kí ìjọ rà á. Ọlọ́run rí ọkàn rẹ." Mo ní rárá, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi láyè di Alásàrí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n Alásàrí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́kadà kan wà lábẹ́ igi ìyeyè tó ti ń wo gbogbo lílọ bíbọ̀ mi. Ọkùnrin tó fi díẹ̀ kéré sí mi ni, òun ló máa ń gbé àwọn olùrà kòkó wọlé, tó ń gbé wọn jáde. Epo ti tán nínú ọ̀kadà rẹ̀, ẹni tó máa ń gbé epo wá tà nínú ìgò kò sì tíì wọ abà. Ó dìde wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Owó wà lọ́wọ́ mi, epo ni mi ò ní. Ẹ̀yin lépo nínú ọkọ̀."

Mo wò ó. Mo wo ọkọ̀ mi lẹ́yìn rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo ní tí wọ́n lè gbà ní ilẹ̀ yẹn, àṣé orí rẹ̀ ni mo jókòó lé wọ abà.

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín," ó ní. "Tí a bá fa epo tó tó owó aṣọ, èyí tó máa kù ò lè gbé yín dé Ìlawẹ̀. Ẹ rò ó dáadáa."

Mo rò ó. Ohun tí mo ti ní lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti dé ni pé bí a bá ti bo sàréè tán, kí n wọ ọkọ̀, kí n máa lọ. Mo fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ mi, kí ariwo rẹ̀ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì mí kó máa sọ ìtàn bàbá mi fún mi. Mo ní kó lọ gbé rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì wá.

Ó fẹ́ bá mi fà á, mo kọ̀. Mo ki rọ́bà bọ ojú táńkì, mo fi ẹnu fà á, epo sì ya bò mí lẹ́nu kí n tó yọ ọ́. Mo tu ú, mo tu ú, ahọ́n mi ń ta, ojú mi ń ṣomi yọ̀ọ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbé omi kọjá rí mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti rí ẹkún sun, ó ti dáa." Epo ni o. Mi ò ṣàlàyé fún un.

Owó tí ọlọ́kadà kà fún mi ti rún, ó ń run kòkó. Ìyá onísọ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé aṣọ lé mi lápá bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fúnni. "Ó ti di tìẹ báyìí," ó ní. "Lọ fi wọ bàbá ẹ."

Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, lémọ́mù ní èmi tí mo jẹ́ télọ̀ ni kí n ya aṣọ. A kì í fi ẹ̀rọ kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀, yíya la máa ń ya á. Mo mọ ìwọ̀n bàbá mi sórí. Gbogbo ọdún Iléyá ni mo máa ń ránṣọ fún un láì pè é wá wọ̀n. Mo fi ìwọ̀n tí mo mọ̀ yẹn ya aṣọ. Nígbà tí a tẹ́ ẹ, ó gùn jù, ó fẹ̀ jù níhìn-ín, ó fẹ̀ jù lọ́hùn-ún. Bàbá mi ti rù. Ó níláti jẹ́ pé gbogbo aṣọ tí mò ń fi ránṣẹ́ láti bí ọdún mélòó kan ló ti ń tóbi fún un, ó sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń fi han àwọn ènìyàn. Mo tún un wọ̀n. Iṣẹ́ náà mọ́. Mo rántí pé mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gún, bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè.

A kírun sí i lára. Èmi ń gbé ọwọ́ sókè, mò ń pe Àláhù Àkúbárù, epo ló sì ń run lẹ́nu mi. A gbé e sílẹ̀, a da erùpẹ̀ bò ó. Lémọ́mù sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ pé ọmọ bàbá ló ra aṣọ bàbá. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí mò ń wá láti àárọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúró kí inú mi dùn, mo dúró kó bàjẹ́, kò ṣe èyíkéyìí.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo lọ jókòó sínú ọkọ̀. Mo tan án, iná pupa tó máa ń sọ pé epo ti ń tán tàn sí mi lójú, mo pa á. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá onísọ̀ ló wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú iṣu sísun nínú abọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, "Bọ́ọ́lẹ̀, wá jẹun. Bàbá ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ ọmọ òun kì í tutù níhìn-ín kó tó tún gbéra. Jẹ́ kó tutù lónìí." Mo bọ́ sílẹ̀, mo jẹ iṣu. Kò dùn, kò korò.

Ibẹ̀ ni mo wà títí di ọjọ́ ọjà. Mo lè bẹ ẹnìkan kó fẹsẹ̀ rìn jáde lọ bá mi wá epo, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Fóònù mi kú, mi ò wá iná fún un. Ìyá onísọ̀ fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ní télọ̀ kì í jókòó lásán, ni mo bá jókòó sórí àpótí bàbá mi níwájú ilé, mò ń lẹ aṣọ oko fún wọn. Ẹni tí mo bá lẹ ti tirẹ̀ á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, òmíràn á gbé ẹyin. Nítorí náà, bí o bá ń lọ sí irú ibẹ̀, gba ọ̀rọ̀ mi: mú owó bébà dání, àwọn wẹ́wẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa ní ṣéńjì, má sì gbọ́kàn lé fóònù. Bí owó náà bá sì tán lọ́wọ́ rẹ, má fojú tẹ́ḿbẹ́lú ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe. Wọ́n ń jókòó tì mí bí mo ṣe ń lẹ aṣọ wọn, wọ́n ń sọ ìtàn bàbá mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rù. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó dà bí ìtàn bàbá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ọjà pé, ọlọ́kadà lọ sí Ìlawẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo padà wá fún mi láì jẹ́ pé mo rán an. Mo ní mi ò lówó lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fi ránṣẹ́ tí ẹ bá dé Adó. Epo kì í ṣe aṣọ òkú." Ó bá mi rọ ọ́ sínú táńkì. Mo kí gbogbo wọn, mo wọ ọkọ̀, mo tan án, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà ṣófo níwájú mi. Kò sí ohun kan tó dá mi dúró mọ́ láyé yìí.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò tẹná mọ́ ọkọ̀. Mo gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ẹkún sì dé, irú èyí tí mi ò sun láti ìgbà ikú ìyá mi. Mò ń pe bàbá mi bí ọmọdé. Ọlọ́kadà na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa ọkọ̀ náà fún mi, ó sì rọra kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti sọ fún pé epo ni mo fi ra aṣọ tí a fi sin bàbá mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ayé le. Mi kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe epo ni mo san fún ìyá yẹn, ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà sá lọ ni mo san. Ká ní owó bébà wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti ra aṣọ, ǹ bá ti sin ín, ǹ bá sì ti padà sídìí ẹ̀rọ mi ní Òkè-Ìlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bóyá títí di òní, ǹ bá má tíì mọ̀ pé bàbá mi kú.